Ètò Ìfikún Agbára Ẹ́ńjìnnì fún Ọkọ̀ Àtijọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn tí ó fẹ́ sọ ọkọ̀ àtijọ́ di alágbára máa ń béèrè jù lọ kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tù kan ṣoṣo. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1955 sí 1974 ni mo ní lọ́kàn, pàápàá àwọn ti Amẹ́ríkà tí ẹ́ńjìnnì V8 (oníṣílíńdà mẹ́jọ tí a tò bíi lẹ́tà V) wà nínú wọn, nítorí pé àwọn ni ẹ̀yà wọn pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìlànà ìṣirò náà kò yàtọ̀ fún irú ọkọ̀ mìíràn.

Kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe kí n tó ra ohunkóhun?

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe sílẹ̀ sínú ìwé. Ọkọ̀ tí a óò máa wà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, èyí tí a óò máa gbé jáde ní òpin ọ̀sẹ̀, àti èyí tí a fẹ́ fi sáré ìdá mẹ́rin máìlì kì í ṣe ọkọ̀ kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe wọ́n ní ọjọ́ kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ iye họ́ọ̀sìpáwà (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì) tí ẹ ń fẹ́, kí ẹ sì kọ irú epo tí ẹ óò máa rí rà nígbà gbogbo. Ohun mẹ́ta yìí ni yóò yan kámù (ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù), písítìn (irin tí ń lọ sókè sódò nínú ṣílíńdà), gíábọ́ọ̀sì àti pọ́ǹpù epo fún yín, kì í ṣe ohun tí ojú rí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Àṣìṣe tí mo rí pé ó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni kí a máa ra ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ṣe ń wọlé. Ẹnì kan á ra kámù nítorí pé ó gbọ́ bí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ń dún, á ra kábúrétọ̀ ńlá ní oṣù tó tẹ̀ lé e, á sì fi wọ́n sórí písítìn àtijọ́ tí kò bá èyíkéyìí mu nínú wọn. Nígbà tí ó bá dé ojú títì, ọkọ̀ náà á wúwo lẹ́sẹ̀ ju bí ó ṣe wà kí ó tó fọwọ́ kàn án, owó ti lọ, kò sì ní mọ ẹ̀yà tí yóò dá lẹ́bi.

Wọ́n kọ 370 họ́ọ̀sìpáwà sínú ìwé ọkọ̀ mi. Ṣé ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?

Rárá o. Kí ó tó di ọdún 1972, iye tí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà máa ń polówó ni èyí tí wọ́n wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà lórí ìdúró nìkan, láìsí fíltà afẹ́fẹ́, láìsí sáléńsà, láìsí ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ́ńjìnnì máa ń yí nínú ọkọ̀. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń polówó agbára tí ó ṣẹ́kù nígbà tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá wà ní àyè wọn. Ẹ wo ẹ́ńjìnnì LT-1 inú Corvette: ó jẹ́ 370 ní ọdún 1970, ó di 330 ní ọdún 1971, ó sì di 255 ní ọdún 1972. Òótọ́ ni pé wọ́n dín ìfúnpọ̀ ẹ́ńjìnnì náà (bí písítìn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó) kù ní ọdún 1971 kí ó lè lo epo tí òjé kò pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni ó sì fa ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìwọ̀n tí ó yí padà ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìsọ̀kalẹ̀ kejì.

Nítorí náà, bí ẹ bá lè gbé ọkọ̀ náà sórí ẹ̀rọ tí ń wọn agbára láti ẹsẹ̀ táyà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé iye tí ó dé táyà kéré sí ti ẹ́ńjìnnì ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé gíábọ́ọ̀sì àti áàsù ẹ̀yìn máa ń jẹ tiwọn lójú ọ̀nà.

Báwo ni agbára ṣe ń wá gan-an?

Afẹ́fẹ́ ni. Epo rọrùn láti fi kún un. Afẹ́fẹ́ tí yóò jó epo náà ni ó ṣòro láti kó wọlé. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ mú tọ́ọ̀kì, ìyẹn ipá tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí kiráńkì (ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí), ní páùn-ẹsẹ̀bàtà, ẹ fi iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 5,252 pín in. Ohun tí ó bá jáde ni họ́ọ̀sìpáwà.

Ẹ jẹ́ kí a fi họ́ọ̀sìpáwà 600 ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ jẹ́ 600 yóò dé ibẹ̀ ní ìyípo 5,252, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní 450 péré gbọ́dọ̀ máa yí ní ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ́ńjìnnì V8 àtijọ́ tí a tò dáadáa, tí kò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí láti fún afẹ́fẹ́ wọlé), sábà máa ń mú nǹkan bí 1.2 sí 1.3 páùn-ẹsẹ̀bàtà jáde fún kúbíìkì ínǹṣì kọ̀ọ̀kan. Èyí fi hàn pé ẹni tí ó ní ẹ́ńjìnnì 350 (ìyẹn kúbíìkì ínǹṣì 350) tí ó sì fẹ́ 600 láìsí tọ́bò ti yan ẹ́ńjìnnì tí yóò máa ké tantan, tí kò ní ṣeé wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó ní láti sọ ẹ́ńjìnnì di ńlá, tàbí kí ó fi ẹ̀rọ fún afẹ́fẹ́ wọlé, tàbí kí ó fi ara mọ́ iye tí ó kéré sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ ṣe ìpinnu yìí, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀.

Ṣé ẹ́ńjìnnì tí ó wà nínú ọkọ̀ ni kí n tún ṣe, àbí kí n gbé òmíràn sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà ara búlọ́ọ̀kù, ìyẹn odindi irin tí ṣílíńdà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́, tí ọkọ̀ náà sì jẹ́ irú èyí tí kò pọ̀ mọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi òróró pa á, kí ẹ wé e, kí ẹ gbé e pamọ́, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù mìíràn ṣiṣẹ́. Búlọ́ọ̀kù tí ó bá fọ́ nítorí eré kò ní padà sípò mọ́.

Èkejì ni pé búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ jù ni ti Ford 302: bí agbára bá ti ń sún mọ́ 500 tí ó sì ń kọjá rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tí ó ti ilé iṣẹ́ wá lè là sí méjì láti ibi tí kiráńkì jókòó sí. Kò sí kọ́ńrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tí ó so písítìn mọ́ kiráńkì) tàbí bóòtù olówó ńlá tí yóò gbà á sílẹ̀, nítorí pé irin búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ ni kò nípọn tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ 600 nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣe fún eré, tàbí 351 Windsor tí ó lágbára jù ú lọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí a gbé ẹ́ńjìnnì ìgbàlódé wọlé, bí irú LS tí General Motors kọ́kọ́ fi sínú Corvette ọdún 1997. Tọ́ọ̀pù ṣílíńdà rẹ̀ (ìdérí tí fáàfù wà nínú rẹ̀) ń mí dáadáa, kò sì ṣòro láti bá a dé agbára tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ń làágùn kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yọ̀, ẹ wọn ihò ẹ́ńjìnnì. Sọ́ǹpù (àwo òróró abẹ́ ẹ́ńjìnnì) lè kan irin ìdábùú iwájú, páìpù èéfín lè kan ọ̀pá ìdarí. Àwọn ẹ́ńjìnnì Ford tí kámù wọn wà lórí tọ́ọ̀pù ṣílíńdà fẹ̀ débi pé, nínú Mustang ìran àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní láti gé ilé ṣọ́ọ̀kì iwájú kúrò kí ó tó wọlé. Irú gígé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì mọ́, iṣẹ́ ara ọkọ̀ ni, ó sì ní owó tirẹ̀.

Kí ni àwọn ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní 350 ti di 383?

Wọ́n pààrọ̀ kiráńkì rẹ̀ sí èyí tí ń gbé písítìn lọ sókè sódò jù ti tẹ́lẹ̀. Ìrìn písítìn nínú 350 ti Chevrolet jẹ́ ínǹṣì 3.48, bí a bá fi kiráńkì ínǹṣì 3.75 sí i, tí a sì gẹ ṣílíńdà láti 4.00 sí 4.030, ó di 383, ìyẹn lítà 6.3. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀ láti ìta. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí fún ọkọ̀ ojú títì, nítorí pé tọ́ọ̀kì ni ó kọ́kọ́ ń fi kún, láti ìsàlẹ̀ ìyípo, níbi tí a ti ń wa ọkọ̀ gan-an.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní kí n yan kámù, tọ́ọ̀pù ṣílíńdà àti ìfúnpọ̀ pa pọ̀?

Ìdí ni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Kámù tí ó ń ṣí fáàfù pẹ́ máa ń jẹ́ kí ṣílíńdà kún dáadáa nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ń rìn jẹ́jẹ́, písítìn á ti máa gòkè kí fáàfù afẹ́fẹ́ tó pa dé, apá kan afẹ́fẹ́ náà á sì padà síbi tí ó ti wá. Bí ìfúnpọ̀ bá kéré, kò ní sí ohun tí yóò jó níbẹ̀. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé kámù ńlá ń béèrè ìfúnpọ̀ tí ó ga. Ìfúnpọ̀ náà kò sì lè ga kọjá ohun tí epo gbà: fún epo títà lójú ọ̀nà, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń to ẹ́ńjìnnì kì í kọjá nǹkan bí 9.5 sí 1 bí tọ́ọ̀pù ṣílíńdà bá jẹ́ irin dúdú, wọn a sì lọ dé nǹkan bí 10.5 bí ó bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, nítorí pé alumíníọ́ọ̀mù yára gba ooru kúrò.

Bí a bá kọjá ààlà yìí, epo á máa gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ óò gbọ́ ọ, ó máa ń dún bí ìṣó tí a ń mì nínú agolo. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ bí ẹ bá ti gbọ́ ìró yẹn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí ó fẹ́ràn ìró kámù ńlá kì í rántí: bíréèkì. Kámù bẹ́ẹ̀ ń dín fákúùmù ẹ́ńjìnnì (ipá tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́) kù, fákúùmù yìí sì ni ẹ̀rọ tí ń mú bíréèkì rọ̀ lẹ́sẹ̀ ń lò. Ọkọ̀ tí ó ti lágbára sí i á wá ní bíréèkì tí ó le bí òkúta. Ẹ fi pọ́ǹpù fákúùmù oníná tàbí bíréèkì tí ń lo agbára òróró sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni n óò ṣe mọ̀ pé fáàfù kò ní gbá písítìn?

Ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín, kódà bí ẹni tí ó tà á bá ti ní kò sí ewu. Ẹ mú amọ̀ rírọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, ẹ tẹ́ ẹ sórí písítìn, ẹ fi òróró pa ojú fáàfù kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ de tọ́ọ̀pù ṣílíńdà pẹ̀lú gasikéètì rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí kiráńkì ní ìgbà méjì gbáko. Bí ẹ bá tú u, ẹ óò rí ipasẹ̀ fáàfù nínú amọ̀ náà bí ojú owó ẹyọ. Ẹ fi abẹ gé e láàárín, kí ẹ sì wọn ibi tí ó tín-ínrín jù. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń tẹ̀ lé ni pé kí ó má dín sí ínǹṣì 0.080 níbi fáàfù afẹ́fẹ́, kí ó má sì dín sí 0.100 níbi ti èéfín, nítorí pé ti èéfín máa ń gbóná ó sì máa ń gùn sí i.

Tọ́bò, ẹ̀rọ ìfúnfẹ́fẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, tàbí gáàsì náítírọ́ọ̀sì: èwo ni kí n mú?

Kò sí èyí tí ó jẹ́ tuntun nínú wọn. Ọdún 1962 ni Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder ti jáde pẹ̀lú tọ́bò láti ilé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká ń fi nǹkan bí 14.7 páùn tẹ ínǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá fi páùn 7 kún un, a ti kó afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì ti tẹ́lẹ̀ wọlé sí i, bí a bá yọ ìpàdánù ooru kúrò. Ẹ̀rọ oníbẹ́líìtì ń dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì rọrùn láti tò, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí i, ó sì ń jẹ lára agbára náà. Tọ́bò ń lo èéfín tí ì bá ṣòfò, ṣùgbọ́n páìpù rẹ̀ ń gba àyè, ooru rẹ̀ sì lè sun wáyà àti ọ̀dà. Gáàsì náítírọ́ọ̀sì kò wúwo lápò bíi tiwọn, bí ìgò rẹ̀ bá sì ti tán, ó tán. Fún ọkọ̀ ojú títì tí ó fẹ́ kọjá 600, tọ́bò ni èmi yóò mú, bí àyè bá wà fún ẹ̀rọ tí yóò máa tu afẹ́fẹ́ náà lára.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, kí ó ti wà nínú ètò kí a tó to písítìn. Mo ti tú ẹ́ńjìnnì kan rí tí wọ́n fi náítírọ́ọ̀sì kún lẹ́yìn tí wọ́n ti tò ó tán. Orí písítìn méjì ti ya kúrò lókè ríǹgì àkọ́kọ́ (òrùka irin tí ó yí písítìn ká), ẹnu ríǹgì náà sì ń dán bíi dígí níbi tí méjèèjì ti ń gbá ara wọn. Àlàfo ẹnu ríǹgì tí ó yẹ ẹ́ńjìnnì lásán ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, ìyẹn nǹkan bí ínǹṣì 0.004 fún ínǹṣì kọ̀ọ̀kan nínú fífẹ̀ ṣílíńdà, nígbà tí ó yẹ kí ó tó 0.006 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ṣílíńdà ínǹṣì mẹ́rin, ìyàtọ̀ náà kò ju 0.008 lọ, ìwọ̀n tí ojú lásán kò lè fi bẹ́ẹ̀ rí. Òun ni ó jẹ písítìn méjì.

Báwo ni n óò ṣe mọ ìwọ̀n pọ́ǹpù epo tí ó tó?

Ẹ ṣírò rẹ̀ láti ara agbára. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń jó nǹkan bí ìdajì páùn epo fún họ́ọ̀sìpáwà kan ní wákàtí kan nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ dópin. Fún 600, ìyẹn jẹ́ 300 páùn, tí ó tó kílò 136, tàbí nǹkan bí lítà 184 ní wákàtí. Bí tọ́bò bá wà níbẹ̀, ẹ fi 0.65 ṣe ìṣirò dípò ìdajì, yóò sì sún mọ́ lítà 240. Ẹ wá pọ́ǹpù tí ó lè gbé iye yìí ní ipá tí ẹ óò lò gan-an, kì í ṣe nígbà tí páìpù bá ṣí sílẹ̀ lásán, kí ẹ sì fi díẹ̀ lé e. Páìpù epo tí ó ti wà nínú ọkọ̀ láti ọdún 1968 kò tó, rọ́bà inú rẹ̀ kò sì lè fara da epo tí ó ní ẹtanọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ láti táǹkì dé iwájú.

Ṣé kábúrétọ̀ ṣì tó, àbí ínjẹ́kítọ̀ ni?

Kábúrétọ̀ tó fún ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ẹ má sì ra èyí tí ó tóbi jù. Ẹ́ńjìnnì 350 tí ń yí ní 6,000 kò lè mí ju nǹkan bí 607 ẹsẹ̀bàtà kúbíìkì ní ìṣẹ́jú kan, bí ó tilẹ̀ kún ní àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí náà kábúrétọ̀ 750 ti ṣe gbogbo ohun tí ó lè ṣe fún un. Bí tọ́bò bá wà, ínjẹ́kítọ̀ pẹ̀lú bùréènìbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) ni mo gbà yín níyànjú, nítorí pé ó lè dá iná plọ́ọ̀gì dúró díẹ̀ kí ó sì fi epo kún un bí ipá afẹ́fẹ́ bá ṣe ń gòkè. Ẹ rántí pé ẹ̀rọ amúnáwá kékeré ayé àtijọ́ kò lè bọ́ pọ́ǹpù oníná, fáànù àti bùréènìbọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ni nípa gíábọ́ọ̀sì, áàsù àti ara ọkọ̀?

Èyí ni ó yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó dùn mọ́. Bí ètò tèmi ṣe máa ń rí nìyí: bíréèkì díìsìkì níwájú, epo, rẹdiétọ̀, áàsù ẹ̀yìn, gíábọ́ọ̀sì, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ṣe é báyìí, ọkọ̀ náà á ṣì máa rìn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń kówó jọ. Ford onínǹṣì mẹ́sàn-án tí ó jáde ní ọdún 1957 àti Dana 60 ni àwọn áàsù tí àwọn ènìyàn fọkàn tán jù fún agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí kò ní férémù odindi, bíi Camaro àti Mustang, nílò irin tí yóò so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tọ́ọ̀kì á lọ́ ara wọn lọ́rùn títí ilẹ̀kùn kò fi ní pa dé dáadáa mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oníkilọ́ọ̀ṣì, ẹ má ṣe fi àgbá ìyípo (fúláíwíìlì) àtijọ́ tí wọ́n fi irin dídà ṣe sí ẹ́ńjìnnì tí yóò máa yí ní 7,000. Bí ó bá fọ́ ní eré yẹn, ó lè gba inú ilẹ̀ ọkọ̀ wọlé sí ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ ra ti irin líle, kí ẹ sì fi ilé rẹ̀ tí ó lè dá àfọ́kù dúró bò ó.

Kí ni n óò ṣe ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ tan án?

Ẹ jẹ́ kí òróró ti dé ibi gbogbo kí iná tó dé. Lára ẹ́ńjìnnì bíi V8 kékeré ti Chevrolet, ẹ lè yọ dìsìtìríbútọ̀, kí ẹ fi ẹ̀rọ ìdáhò yí pọ́ǹpù òróró títí gééjì á fi gòkè tí òróró á sì máa yọ lórí gbogbo rọ́kà (apá tí ń tẹ fáàfù), ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ dá dìsìtìríbútọ̀ padà, ẹ ṣètò àkókò tí iná plọ́ọ̀gì yóò máa tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì dúró, ẹ da epo kún kábúrétọ̀, kí ẹ gbé ohun ìpaná sí tòsí, kí ẹnì kan sì máa wo gééjì òróró nìkan.

Bí kámù bá jẹ́ irú àtijọ́ tí kò ní róólà lábẹ́, kò gbọdọ̀ dúró jẹ́jẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ rárá. Bí ó bá ti tàn, ẹ gbé e lọ sí 2,000 sí 2,500 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ máa gbé e sókè sódò díẹ̀ láàárín ibẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú, pẹ̀lú òróró tí síńkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí omi bá jò tàbí ìró àjèjì bá jáde, ẹ pa á pátápátá, ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ dúró sí. Lẹ́yìn náà, ẹ da òróró náà nù, ẹ fi irinṣẹ́ ìgé fíltà, kì í ṣe ayùn tí ń da èérún irin sínú rẹ̀, gé fíltà rẹ̀ sí méjì, kí ẹ na bébà inú rẹ̀ sí ojú oòrùn. Èérún irin wínníwínní díẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá rí èyí tí ọwọ́ lè ṣà, ẹ má ṣe tún un tàn títí ẹ ó fi mọ ibi tí ó ti wá.